Bàtà Nínú Aṣọ Funfun

Kọlọ́ọ̀nù, Jámánì.
Ọjọ́ kejìdínlógún, Oṣù Kìíní, 2026.

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Mo mọ̀ pé ara yín le, pé orúnkún yẹn náà ti ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, àti pé àgbàrá òjò kò tíì wọ inú ọgbà ìjọ láti ìgbà tí ẹ ti da iyanrìn síbẹ̀. Èmi náà wà dáadáa. Òtútù ibí yìí kàn ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà ni.

Ìyá mi, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí tó kù. Ṣé ẹ ti jókòó? Wọ́n ti mú mi! Nínú àwa mẹ́sàn-án tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ láti ọdún mẹ́ta, mo wà lára àwọn mẹ́rin tí yóò gun rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sí ibùdó òfurufú. Ibùdó yẹn ni mo ṣàlàyé fún yín nígbà tí mo wá sílé kẹ́yìn: ilé kan tí wọ́n kàn pọ̀ lókè lọ́hùn-ún, tó ń yí ayé po láìdúró, tí àwọn èèyàn ń gbé inú rẹ̀ tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Oṣù márùn-ún ni a ó lò níbẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àti egungun wa wò, torí nǹkan gbogbo ló ń léfòó níbẹ̀, ara èèyàn kì í sì í fẹ́ràn rẹ̀.

Ọ̀gá wa ni Ingrid, obìnrin ọmọ Norway. Kenji wá láti Japan, Paulo láti Brazil. Nígbà tí wọ́n ní kí kálukú sọ ibi tó ti wá, gbogbo wọn dárúkọ orílẹ̀-èdè. Èmi sọ pé Ìjẹ̀gùn, lọ́nà Ìkòtún. Paulo béèrè bóyá etí òkun ni. Mo ní rárá o, etí kòtò ni.

Ọjọ́ kọkànlá Oṣù Kẹrin ni a ó gbéra, láti Flọ́rídà ní Amẹ́ríkà. Mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà Báyọ̀dé ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìkòtún gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, torí ẹ ti sọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ orí fóònù kì í dúró de ẹni, èyí tí a kọ sílẹ̀ ni ẹ lè tún kà. Fọ́tò mi kan wà nínú rẹ̀, nínú aṣọ tí a ó wọ̀ lọ. Ẹ ní kí ó bá yín tẹ̀ ẹ́ jáde kó tóbi.

Ohun kan ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Mi ò tíì rìnrìn àjò kankan rí, ìbáà ṣe Ìbàdàn, kí ẹ má gbọ́wọ́ lé mi lórí. Èyí tó ga jù lọ rèé, ọwọ́ yín kò sì lè dé orí mi níbi tí mo wà. Ẹ kọ àdúrà náà ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ìkọ̀wé ara yín. Wọ́n fún kálukú láyè ẹrù tó kéré bí àpò ọmọ jẹ́léósinmi. Bébà yẹn ni n óò kọ́kọ́ kì sínú tèmi.

Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kí yín o,
Olúwadámiláre Àwẹ̀ró.


Ìjẹ̀gùn, Èkó.
Ọjọ́ kejì, Oṣù Kejì, 2026.

Àwẹ̀ró ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi. Ara mi le, orúnkún mi kò le, ìyẹn sì ti tó ọpẹ́. Mo jókòó lóòótọ́ bí o ṣe wí, lórí àga Báyọ̀dé, nígbà tí mo sì kà á dé ibi tí o ti ní wọ́n ti mú ọ, àyà mi já. Mo rò pé ọlọ́pàá ni. Báyọ̀dé ló ní kí n fara balẹ̀ ka gbólóhùn tó tẹ̀ lé e.

Ọlọ́run ṣeun. Mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án! Mo pariwo dé ilé Alhaja Sìdíkátù. Alhaja ní òun ti mọ̀ láti ìgbà tí o ti ń tú rédíò òun palẹ̀ tí o kì í tò ó padà. Ní àná tó jẹ́ Sunday, Olùṣọ́ Ṣóbọ̀wálé kéde rẹ̀ ní ìjọ, gbogbo wọn dìde jó. Lẹ́yìn ìsìn wọ́n pé lé mi lórí, wọ́n ní nígbà tí o bá ti súnmọ́ òkè báyẹn, kí o bá àwọn mẹ́nu kan nǹkan. Màmá Simeon ní kí o má gbàgbé ẹ̀fọ́rí òun. Ẹgbẹ́ akọrin ní kí o béèrè ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Mo ní ṣé Ọlọ́run kì í gbọ́ ti Ìjẹ̀gùn ni?

Ayọ̀ ni mò ń yọ̀ títí fọ́tò rẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. "Ẹ wo bí aṣọ funfun ṣe yẹ ẹ́!" "Bí áńgẹ́lì ló rí!" Ó dé ọwọ́ Màmá Simeon, ẹni tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wò lára èèyàn. Ó ní, "Ìyá Dámiláre, ṣé ẹ ti rí i? Bàtà mà nìyí o." Mo gba fọ́tò náà, mo wò ó. Bàtà! Dúdú, gàgàrà, ó gun ojúgun. Nínú aṣọ funfun!

Olúwadámiláre, inú ilé wo lo ti jáde? Ọmọ ọdún méjì ní ìjọ wa mọ̀ pé bí aṣọ funfun bá ti gun ara, bàtà kò gbọdọ̀ gun ẹsẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń fà ọ́ lọ́wọ́ láti ilé dé ìjọ nínú ẹrẹ̀ Ìjẹ̀gùn, ṣé o rí bàtà lẹ́sẹ̀ mi rí tí sùtánà bá wà lọ́rùn mi? Àní lọ́jọ́ tí ìṣó gún mi! Ibi tí ò ń lọ wá súnmọ́ òkè ju ìjọ wa lọ, ibẹ̀ lo wá fẹ́ gbé bàtà wọ̀ bí ṣójà. Gbogbo ìjọ ń wo ẹnu mi. Mo ní páálí tí wọ́n ya àwòrán sí ni, pé ìwọ kàn dúró sẹ́yìn rẹ̀ ni. Wọn ò gbà.

Sọ fún Ingrid kí wọ́n yọ bàtà yẹn kúrò. Títí di ìgbà yẹn, n kò ní àdúrà kankan láti kọ.

Simeon ń padà sí Jámánì lọ́sẹ̀ yìí. Mo fi gàrí Ìjẹ̀bú, kúlíkúlí àti ìgò omi àdúrà kan rán an sí ọ. Mo bínú, àmọ́ mi ò ní kí ebi pa ọ́.

Ìyá rẹ tí ìtìjú mú ní gbangba,
Abigail Ọdẹ́tọ́lá.


Kọlọ́ọ̀nù, Jámánì.
Ọjọ́ kẹjọ, Oṣù Kejì, 2026.

Ìyá mi,

Ẹ má bínú. Ẹ bá mi bẹ gbogbo ìjọ. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹ̀rín, mo sì lọ bá Ingrid.

Bàtà yẹn kò ṣeé yọ. Òun àti aṣọ, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ wa lójú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ tí n óò máa mí ń bẹ nínú aṣọ náà láti orí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá gé bàtà kúrò, bí ìgbà tí èèyàn gé ìdí ìgò tó sì ní kí wọ́n bu omi sí i ni. Aṣọ iṣẹ́ ni, Ìyá mi, kì í ṣe sùtánà. Wọ́n kàn ṣe é ní funfun ni.

Ingrid kò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ó ní apẹja ni ìyá òun àgbà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni súfèé nínú ọkọ̀ ojú omi títí ó fi kú, òun náà kì í súfèé níbi iṣẹ́ títí dòní. Ó wá sọ ohun kan tó yẹ kí ẹ gbọ́: bí a bá ti wọ inú ibùdó, a ó bọ́ bàtà. Kò sí ẹni tó ń wọ bàtà níbẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ nìkan ni, torí ẹsẹ̀ kì í kanlẹ̀. Ẹ bá mi sọ ìyẹn fún Màmá Simeon, kí ẹ sì sọ ọ́ sókè dáadáa.

Simeon gbé ẹrù dé. Gàrí kò lè bá mi lọ. Ẹni tó ń yẹ ẹrù wa wò da ẹ̀kúnwọ́ kan sórí tábìlì, ó fẹ́ ẹ fúù, ó ní ṣé mo rí i? Lókè, ẹyọ gàrí kọ̀ọ̀kan á máa fò káàkiri, á wọ ojú, á wọ ẹ̀rọ. Torí náà a mu ún níbí. Paulo ní irú rẹ̀ wà nílùú àwọn. Kúlíkúlí fẹ́rẹ̀ẹ́ kán eyín Kenji, ó sì tún tọrọ sí i. Omi àdúrà ni mo fi ń bọ́jú láràárọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò kọ́kọ́ fẹ́ sọ. Ẹnì kan wà tó ń kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn mi. Bí n kò bá lọ, òun ni yóò gba ipò mi. Di ogúnjọ́ Oṣù Kẹta, ẹnikẹ́ni nínú wa lè yọwọ́. Láti ọjọ́ yẹn wọn ó tì wá mọ́lé kí àìsàn má baà ràn wá, kò sì sí àyípadà mọ́. Mo ti sọ fún Ingrid pé bí ìyá mi bá ní kí n má lọ, n ò ní lọ. Kò yé e rárá. Ẹ̀yin mọ̀ pé òótọ́ ni. Ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin ni Bàbá mi kú, ẹ̀yin nìkan lẹ ti ń rán mi níṣẹ́ tí ẹ sì ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. N ò lè gbéra láìsí àṣẹ yín.

Ọmọ yín tó wọ bàtà,
Dámiláre.


Ìjẹ̀gùn.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, Oṣù Kejì, 2026.

Dámiláre,

Mo ti ka àlàyé rẹ. O ní aṣọ iṣẹ́ ni. Sùtánà mi náà, aṣọ iṣẹ́ ni, iṣẹ́ àdúrà ni mò ń fi í ṣe. Ìyá Ingrid àgbà gbọ́n. Bá mi kí i.

Mo bi Báyọ̀dé bí rọ́kẹ́ẹ̀tì yìí ṣe ń gbéra. Ó fi ọ̀kan hàn mí lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. N kò wò ó parí. Mo rántí pé mo gbé omi kaná, mo bá lọ sílé.

Kí ló dé tí o fi gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lé mi lọ́wọ́, pé bí mo bá ní má lọ, o ò ní lọ? Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kò lè dá ìpinnu ara rẹ̀ ṣe? Má tíì retí àdúrà kankan. Ọ̀rọ̀ bàtà ṣì wà nílẹ̀.

Ìyá rẹ.


Kọlọ́ọ̀nù, Jámánì.
Ọjọ́ kẹta, Oṣù Kẹta, 2026.

Ìyá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí mi ti wọ́, mo sì rí yín lọ́jà kedere.

Lánàá wọ́n kó wa sínú ọkọ̀ kan tí wọ́n fi ń dán wa wò, wọ́n dá iná pa, wọ́n ní kí a wá ọ̀nà jáde. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde. Kenji béèrè bí mo ṣe ṣe é. Mo ní ẹni tó bá ti gbé Ìjẹ̀gùn kò nílò iná láti rí ilẹ̀kùn. Inú yín ìbá dùn.

Ẹ kọ ìlà méjì péré sí mi. Bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Dámiláre.


Kọlọ́ọ̀nù.
Ọjọ́ kejìlá, Oṣù Kẹta, 2026.

Ìyá mi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Mo pe fóònù yín, wọ́n ti pa á. Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ. Ingrid bi mí lónìí bóyá kí òun sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn mi pé kó múra. Mo ní kó ní sùúrù.

N kò bínú. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ṣé kò sí nǹkan?

Àwẹ̀ró yín.


Ṣọ́ọ̀bù Báyọ̀dé, Ìkòtún.
Ọjọ́ kẹrìnlá, Oṣù Kẹta, 2026.

Sísítà Dámiláre,

Ẹ kú iṣẹ́ o, èmi Báyọ̀dé ni. Kò sí wàhálà kankan. Mama ò yà ní ṣọ́ọ̀bù mi mọ́, ni mo bá tẹ lẹ́tà yín méjèèjì jáde, mo gbé wọn lọ sílé Mama, ilẹ̀kùn wà ní títì. Alhaja Sìdíkátù ló sọ fún mi pé Mama ti wọ inú ìjọ lọ dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ àánú, ibi oníyanrìn tí wọ́n ti ń gbàdúrà, láti Monday, ọjọ́ méje gbáko, wọ́n ń gbààwẹ̀. Mo gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀. Olùṣọ́ ní bébà kì í wọlé tọ ẹni tó bá wà lórí ilẹ̀ àánú lọ. Mo ní ẹ̀yin ẹ gbà á ṣá, Olùṣọ́, ọ̀rọ̀ tó ní gbèdéke ọjọ́ ló wà nínú ẹ̀. Wọ́n gbà á.

Mo rí Mama lókèèrè. Iyanrìn kún ara wọn, àmọ́ ohùn wọn ń jáde dáadáa, mo gbọ́ ọ láti géètì. Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre.

Ẹ bá mi wádìí, ṣé nẹ́tíwọọ̀kì wà lókè yẹn? Mo fẹ́ máa sọ fún àwọn oníbàárà mi pé mo ní kọ́sítọ́mà lófurufú.

Báyọ̀dé.


Ìjẹ̀gùn.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹta, 2026.

Àwẹ̀ró mi,

Mo kúrò lórí ilẹ̀ àánú lánàá. Iyanrìn ṣì wà nínú irun mi. Jẹ́ kí n kọ ọ́ báyìí kí ọgbọ́n àgbà tó dé bá mi.

Ọ̀rọ̀ bàtà ni o, àmọ́ kì í ṣe èyí tí Màmá Simeon rí.

O rántí ọjọ́ iná páìpù epo ládùúgbò wa, nínú Oṣù Karùn-ún ọdún 2008. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ọ́, ilé ìwé lo wà. Ìwọ mọ bí o ṣe sá. O kò mọ ohun tí èmi rí. Nígbà tí mo sáré dé ọ̀nà ilé ìwé yín, kò sí ọmọ kankan níbẹ̀ mọ́. Bàtà ló kún ilẹ̀, bàtà ọmọdé lónírúurú, èyí tí ẹsẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, torí mo máa ń fi báírò kọ orúkọ rẹ sínú tìrẹ. Mo rí ọ̀kan. Ti ẹsẹ̀ òsì. Mo gbé e dání láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́, mò ń ti ọsibítù kan bọ́ sí òmíràn. Mi ò lè pe orúkọ rẹ. Mo ní bí mo bá pè é tí o ò dáhùn ńkọ́? Nígbà tí ọlọ́kadà kan gbé ọ dé láti Ìkòtún, láìsí bàtà lẹ́sẹ̀, o ń jẹ búrẹ́dì, o ní "Mọ́mì, ẹ kú ilé o," mo sì gbá ọ létí kí n tó bú sẹ́kún. Inú mi ló dùn. Ọwọ́ mi ni kò mọ ohun tí ì bá ṣe.

Mo wá rí fọ́tò yẹn, bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ. Lẹ́yìn náà mo rí iná lábẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù Báyọ̀dé. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Èyí kì í tilẹ̀ ṣe ekòló. Mo fi òfin ìjọ bojú, Màmá Simeon sì ti là mí lọ́nà. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, kí ìwọ náà dárí jì mí.

Mo lọ sórí ilẹ̀ àánú kí n lè gba àṣẹ láti sọ fún ọ pé má lọ. Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ kẹfà ni Olùṣọ́ wá bá mi pẹ̀lú lẹ́tà rẹ méjèèjì. Ó jókòó sínú iyanrìn, ó ní, "Ìyá Dámiláre, ọdún mélòó lẹ ti ń pariwo níbí pé kí Olúwa gbé ọmọ yín ga, kí ó gbé e ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ? Etí àwa tí à ń jókòó tì yín fẹ́rẹ̀ẹ́ di. Ó wá gbé e ga, ẹ ní ó ti pọ̀ jù. Ẹ ò sì dá ìwọ̀n fún Un nígbà yẹn." Mo rẹ́rìn-ín lórí ilẹ̀ àánú, Àwẹ̀ró. Wọn kì í rẹ́rìn-ín níbẹ̀ o.

Lọ. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, n ò ní parọ́ fún ọ, àmọ́ lọ. Wọ bàtà rẹ, dè é dáadáa. Bí o ṣe jáde láyọ̀ ni wàá wọlé láyọ̀. Iná tó bá gbé ọ kò ní jó ọ. Ilẹ̀kùn tó yẹ kó ṣí fún ọ yóò ṣí, èyí tó sì yẹ kó tì pa níbẹ̀ yóò tì pa pinpin. Ojú Ingrid kò ní fọ́ sí ọ̀nà. Ara Kenji yóò le, ti Paulo yóò le. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ yóò rí tirẹ̀ gbà lọ́jọ́ mìíràn, kì í ṣe nípasẹ̀ ẹkún mi. Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì lé ọ lórí. Mo tẹ ọwọ́ náà mọ́ bébà yìí kí n tó pa á dé. Simeon tún wálé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń padà lálẹ́ òní; bébà gan-an ló ń gbé bọ̀ lẹ́yìn, àwòrán rẹ̀ ni Báyọ̀dé ń fi ránṣẹ́.

Ìyá rẹ, tí kò ní fi bàtà bojú mọ́,
Abigail.


Kọlọ́ọ̀nù.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, Oṣù Kẹta, 2026.

Ìyá mi, ìyá mi, ìyá mi,

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo ti ka lẹ́tà yín, torí ibẹ̀ nìkan ni mo ti lè sunkún kí wọ́n má pe dókítà.

Láti ọdún yẹn wá, ohun tí mo rò ni pé ẹ gbá mi létí torí mo sọ bàtà nù. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni, mo sì mọ̀ pé ẹ ti bá mi sọ ọ́ kí n tọ́jú ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń kó bàtà mi jọ bí ẹni tó ń kó wúrà jọ. Ẹ wo bí èmi àti ẹ̀yin ṣe jọ gbé inú ilé kan tí kálukú sì di ìtàn tirẹ̀ mú.

N kò ní ohun tí mo fẹ́ dárí jì. Mo ti sọ fún Ingrid: ìyá mi ní kí n lọ. Ó gbá mi mọ́ra, ó sì lọ kọ ọ́ sínú ìwé.

Lọ́la wọ́n ń tì wá mọ́lé. Bébà yín ti dé lówùúrọ̀ yìí, Simeon gbé e wá pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin. Iyanrìn díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo gbọn ọ́n dànù tìfẹ́tìfẹ́ kó má lọ dààmú ẹ̀rọ.

Ọmọ yín,
Àwẹ̀ró.


Ibùdó òfurufú.
Ogúnjọ́, Oṣù Kẹrin, 2026.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́, torí gbogbo rẹ̀ ló ti kọjá lójú fèrèsé láti ìgbà tí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Báyọ̀dé, nẹ́tíwọọ̀kì wà o.

Ara mi ti ń mọ ibí. Lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́, ojú mi wú, orí mi ń yí, mo bì sínú ọ̀rá níwájú gbogbo èèyàn. Paulo náà bì, ìyẹn ló tù mí nínú. Inú àpò tí wọ́n so mọ́ ògiri ni mo ń sùn sí, mo lẹ àdúrà yín mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí orí mi wà. Kenji ń bi mí ohun tó wà níbẹ̀. Mo kà á fún un, mo túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé orúkọ òun wà nínú rẹ̀, ó tẹrí ba fún bébà náà, ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbirigbiri torí kò sí ilẹ̀ tó dì í mú.

Ní ọjọ́ Àìkú a gba òkè Èkó kọjá. Mo rí ọ̀sà, mo ti ibẹ̀ fi ojú wá ọ̀nà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ìkùukùu bo Alímọ̀ṣọ́ mọ́lẹ̀. Mo juwọ́ ṣá. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí a fi dé ìlú ẹlòmíràn.

Mo fẹ́ tètè sọ nǹkan kan kí ẹ má baà rí i lójijì. Ẹsẹ̀ wa kò ṣiṣẹ́ kankan níbí. Nígbà tí a bá padà sílẹ̀ nínú Oṣù Kẹsàn-án, wọn yóò gbé wa jáde lórí àga, torí ẹsẹ̀ yóò ti gbàgbé ìrìn. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó lè rìn dáadáa. Kì í ṣe àìsàn. Wọ́n ní àwọn èèyàn tí yóò kọ́ wa ní ìrìn padà. Bí ẹ bá rí i lórí tẹlifíṣọ̀n pé wọ́n gbé mi bí àpò ìrẹsì, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já.

Ẹ sọ fún mi bí ọjọ́ tí a gbéra ṣe rí lọ́dọ̀ yín. Ṣé ẹ wò ó? Bí ẹ kò bá wò ó, mo lóye.

Dámiláre yín.


Ìjẹ̀gùn.
Ọjọ́ kẹta, Oṣù Karùn-ún, 2026.

Àwẹ̀ró mi, àràmàǹdà òkè,

Ṣé o ń jẹun? Ojú tó wú yẹn ńkọ́? Ẹ má bì mọ́ o.

Mo wò ó. Ilé Alhaja Sìdíkátù la ti wò ó, torí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ fẹ̀, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe àgálámàṣà. Gbogbo ìjọ wá nínú sùtánà, a tò sórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Alhaja wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú tẹ̀súbáà rẹ̀, ó ní òun kì í ṣe ọmọ ìjọ wa ṣùgbọ́n ọmọ òun ló ń lọ. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku díẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sẹ́yìn, mẹ́wàá, mẹ́sàn-án, àwọn akọrin sì gbà á, wọ́n ń kọ ọ́ lórin. Nígbà tí iná náà bú jáde, Màmá Simeon fi ọwọ́ bo ojú mi. Mo mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Mo wo iná náà, Àwẹ̀ró. N kò yí ojú. Mò ń pe orúkọ rẹ. Mò ń pè é sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń kọjá lójú títì dúró, Olúwadámiláre, Àwẹ̀ró, títí ohùn mi fi há. Nígbà tí wọ́n ní iná ti kú, ẹ ti dé òkè, wọ́n gbé ojú rẹ hàn nínú akoto yẹn, o juwọ́. Èmi ni o juwọ́ sí. Ẹni tó bá ní Ingrid ni, kó wá bá mi jà. Olùṣọ́ sunkún, ó ní èéfín jẹnẹrétọ̀ ni.

Ẹ̀fọ́rí Màmá Simeon ti lọ. Ó ní ìwọ ni. Mo ní kó má fi iyì fún ẹni tí kò ṣe é, ṣùgbọ́n kò gbọ́.

Èyí tí o sọ nípa ẹsẹ̀, pé kí àyà mi má já. Ẹ gbọ́ ọmọ yìí o. Ta ló kọ́ ọ ní ìrìn nígbà àkọ́kọ́? Oṣù mẹ́rìndínlógún lo fi jókòó, o ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ, gbogbo àdúgbò ní o ti yarọ. Bàbá rẹ á gbé ọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, èmi á gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, n óò na ọwọ́ méjèèjì sí ọ. O máa ń wò mí, wàá wo ilẹ̀, wàá rẹ́rìn-ín, wàá jókòó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Lọ́jọ́ tó o gbé ẹsẹ̀, o rìn tàgétàgé tààrà wá bá mi, o fi orí sọ mí láyà, mo sì ṣubú kúrò lórí àga.

Torí náà, bí wọ́n bá ti sọ̀ yín kalẹ̀, dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn yẹn dáadáa, kí o sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má wulẹ̀ dààmú ara wọn. Kí wọ́n gbé ọ wá sí Ìjẹ̀gùn. Orúnkún mi kò le, àmọ́ ọwọ́ mi ṣì ń nà.

Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ó bá mi,
Ìyá rẹ.